Bí Ilẹ̀ Ṣe Dìde Kí Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ọ̀gá rẹ́rìn-ín lónìí, kó yáa pa ìwé yìí dé, kó wá nǹkan mìíràn kà. Èmi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń yún mi lẹ́nu tipẹ́, bí mi ò bá sì tètè sọ ọ́, ó lè di àìsàn sí mi lára.

Orúkọ oyè rẹ̀ gùn ju gbogbo ọ̀nà tó là lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ báyìí: Olùdarí Àgbà fún Ọ̀nà, Afárá, Ilé Ìjọba àti Ohun Gbogbo Tó Bá Dúró. Ilẹ̀kùn ò gbà á tán, ara ògiri ni wọ́n ti parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ kan fún un tí kò gba àyè tó bẹ́ẹ̀. Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, "Mo ti mọ̀." Bí o bá sọ fún un pé ó ti fi bàtà tẹ ìgbẹ́ ajá, "Mo ti mọ̀," á sì máa tẹ̀ ẹ́ wọ inú ilé lọ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun ni.

Láràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn láti pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń gòkè. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun pé òun ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, nítorí náà àtẹ́wọ́ ọ̀hún kì í bọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ kan wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ó fi jáde wá jẹun ọ̀sán. Akọ̀wé rẹ̀ ni olórí alátẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni àwọn èèyàn ń pe òun, nítorí kò jẹ́ kí ọ̀gá parí gbólóhùn kó tó gbà pé òótọ́ ni.

Ní ọdún kẹfà tí Mo-ti-mọ̀ ti wà lórí àga, ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbègbè kejì kọ́ ọ́fíìsì alájà mẹ́rin. Mo-ti-mọ̀ gbọ́, oúnjẹ kọ̀, kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Alájà mẹ́ta ni tirẹ̀, òfin olú-iléeṣẹ́ sì sọ pé ọ́fíìsì agbègbè kankan ò gbọdọ̀ ga ju alájà mẹ́rin lọ. Kò sí bó ṣe lè kọ́ márùn-ún kó fi ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó jáde, ojú rẹ̀ ń dán, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Òpè ló ń wo òkè. Ta ló ń ronú nípa ìsàlẹ̀? Èmi ni! Iṣu, níbo ló ti ń ta?"

"Ìsàlẹ̀!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà ké.

"Gbòǹgbò igi, níbo ló wà?"

"Ìsàlẹ̀!"

"Èmi ọ̀gá yín, níbo ni mo wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi?"

"Ìsà—" Bẹ́ẹ̀-ni-sà fi ikọ́ gbé ìyókù mì. Wọ́n fún un ní omi.

Ohun tí ọ̀gá ń sọ kò ju pé wọ́n máa kọ́ ọ́fíìsì tuntun sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé: alájà mẹ́rin lókè, alájà méjì lábẹ́ ilẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ mẹ́fà. Òfin sọ̀rọ̀ òkè, kò sọ̀rọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Òkè pátápátá ni yàrá ọ̀gá máa wà. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò ní fèrèsé, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ni wọ́n máa kó fáìlì sí, pẹ̀lú Ìyá Fáìlì, obìnrin tó ń tọ́jú wọn, àti àwọn akọ̀wé mẹ́fà tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Ìyá Fáìlì yìí ní àbúrò kan nínú iléeṣẹ́ náà, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ayẹlẹ̀wò. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀ kan, òun ló máa ń kọ́kọ́ dá ihò sí i, tí á fa erùpẹ̀ rẹ̀ jáde, á fọwọ́ ra á, á gbóòórùn rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì wọn ibi tí omi wà. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni Ìyá Fáìlì ti ń tọ́ ọ, òun ló fi í síléèwé, òun náà ló bá a wá ọ̀nà títí ó fi wọ iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ bá Ayẹlẹ̀wò jà, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ayẹlẹ̀wò àti Baba Katakata, tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀, dá ihò mẹ́ta sí pápá náà. Láti mítà kan dé mítà mẹ́jọ, amọ̀ aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń bá, ó le, ó sì gbẹ. Nígbà tí wọ́n dé mítà mẹ́sàn-án, wọ́n kan iyanrìn, omi sì wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá kọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Ayẹlẹ̀wò ò lọ bẹ́ẹ̀. Ó ki páìpù bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, ó dé e, ó sì ní ó di ọjọ́ kejì, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sọ tinú rẹ̀ fún àlejò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ tépù rẹ̀ sínú páìpù. Agolo kékeré kan wà lẹ́nu tépù náà tó máa ń dún "pó" bó bá ti kan omi. Kò tíì tú u dé ibì kan tó fi dún. Mítà kan àbọ̀. Ó lọ sí ihò kejì, pó. Ó lọ sí ẹ̀kẹta, pó.

"Baba, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Baba Katakata wí, ó sì ń yọ́ sẹ́yìn. "Omi yìí ò sùn mọ́jú."

Bó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn, nọ́ńbà méjèèjì: mẹ́sàn-án níbi tí wọ́n ti kan omi, kan àbọ̀ níbi tí omi gòkè dé. Ó gbé e lọ fún Mo-ti-mọ̀.

"Sà, omi wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn."

"Mo ti mọ̀."

"Mítà mẹ́sàn-án la ti kàn án. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gòkè wá sí mítà kan àbọ̀."

"Mo ti— Kí ló gòkè?"

"Omi, sà."

"Ta ló ní kó gòkè?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fẹ́ orúkọ.

"Kò sẹ́ni tó ní kó gòkè, sà. Amọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ṣe ń tẹ ìkòkò tó ń hó. Ibi tí a dá ihò sí ló gbà yọ. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ náà dé mítà méje, amọ̀ tó máa kù ò ní wúwo tó láti tẹ omi mọ́lẹ̀ mọ́. Omi á gbé e, á sì ya."

Mo-ti-mọ̀ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n fi ń ṣàánú òmùgọ̀. "Mítà mélòó lo ti kan omi?"

"Mẹ́sàn-án, sà, ṣùgbọ́n—"

"Mélòó la fẹ́ gbẹ́?"

"Méje, sà."

Ó yíjú sí Bẹ́ẹ̀-ni-sà. "Mẹ́sàn-án, yọ méje kúrò?"

"Méjì, sà! Méjì gbáko! Áà, orí yìí, orí yìí!"

"Odindi mítà méjì amọ̀ gbígbẹ ló wà láàárín èmi àti omi," ni Mo-ti-mọ̀ wí. "Fa ìlà pa kan àbọ̀ yẹn, kí o buwọ́ lùwé, kí n rí i lórí tábìlì mi lọ́la. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ náà á wá ibòmíràn gòkè sí."

Nígbà tí Ayẹlẹ̀wò jáde tán, ọ̀gá rò ó pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí láìsí ìwé. Ó pe Bẹ́ẹ̀-ni-sà, ó ní kó kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí omi abẹ́ ilẹ̀. Mo ní sí omi abẹ́ ilẹ̀! "A ti rí i pé o gòkè kọjá ààyè rẹ láìgba àṣẹ. A pa á láṣẹ fún ọ kí o padà sí mítà mẹ́sàn-án, kí o sì dúró síbẹ̀." Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n kan ọ̀kan mọ́gi nínú pápá kí omi lè rí i kà, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí olú-iléeṣẹ́, wọ́n sì mú ẹ̀kẹta lọ fún Ìyá Fáìlì. Ìyá Fáìlì wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ó mú fáìlì tuntun, ó kọ "Omi" sára rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ayẹlẹ̀wò jókòó sí ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ìwé náà lé orúnkún.

"Buwọ́ lù ú jàre," ni Ìyá Fáìlì wí. Ẹ̀fọ́ ló ń rẹ́, kò gbójú sókè. "Ṣé nítorí yàrá lásán ni o ṣe máa sọ iṣẹ́ nù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni wọ́n máa kó sí ìsàlẹ̀ yẹn."

"Mo gbọ́. Ọdún mẹ́rin ló kù kí n fẹ̀yìntì. Mo lè fara dà á."

"Ẹ ò lè fara da omi! Bó bá ya, ìṣẹ́jú mélòó lẹ rò pé ẹ ní? Àtẹ̀gùn kan, ẹ̀yin méje, orúnkún tó sì ń dùn yín yẹn!" Ẹ̀rù ń bà á gan-an, ìbínú sì ń gùn ún, kò mọ èwo ló pọ̀ jù. "Ẹ má bẹ̀ mí. Mi ò ní fi bírò rì yín sómi."

Ìyá Fáìlì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Mú ẹ̀dà kan wá fún mi lọ́la kó o tó gòkè lọ bá a."

Ní ọjọ́ kejì ó fi òǹtẹ̀ gbá ẹ̀dà náà, déètì àti gbogbo rẹ̀, ó sì kì í sínú àpò ìwé tó ń lọ sí olú-iléeṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá lókè ni Ayẹlẹ̀wò ti fi àáké kọ́rí pé òun ò ní fa ìlà kankan. Mo-ti-mọ̀ kò jà. Kí ló fẹ́ jà sí? Ó já ìwé náà gbà, ó fa ìlà pa kan àbọ̀ fúnra rẹ̀, ó pa orúkọ Ayẹlẹ̀wò rẹ́ níbi tí wọ́n kọ "Ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò" sí, ó sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ewé àti gbogbo oyè rẹ̀, débi pé ó bo etí ìwé. Ayẹlẹ̀wò gba ìwé ìsinmi tí kò ní ọjọ́ ìpadà.

Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé náà, ní lẹ́tà wínníwínní, òfin àtijọ́ kan wà tí gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ mọ̀: ẹni tó bá buwọ́ lu ìwé ìyẹ̀wò ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ìdí kòtò, kí òṣìṣẹ́ kankan tó wọ ibẹ̀ lọ da kọnkéré. Àwọn tó ṣòfin ọ̀hún gbọ́n. Mo-ti-mọ̀ kì í ka lẹ́tà wínníwínní, ó ní àwọn èèyàn wínníwínní ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ṣẹ́ ìdajì mítà kù de ọjọ́ ayẹyẹ ìpìlẹ̀ ilé náà. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn èèyàn ńlá jókòó sábẹ́ àtíbàbà, Alága àjọ olú-iléeṣẹ́ sì wà láàárín wọn, ìyá àgbàlagbà kan tó ti kọ́ afárá mọ́kànlá. Ayẹlẹ̀wò náà wá, ó dúró létí kòtò. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélógún ló fẹ́ wọ ibẹ̀ lọ, ó sì ti pinnu pé òun á dùbúlẹ̀ sẹ́nu àkàbà bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Kò pọn dandan. Baba Katakata ha ìdajì mítà tó kù kúrò, ó pa ẹ̀rọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti inú rẹ̀.

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò tíì ní wọ kòtò o," ló wí. "Ẹni tó buwọ́ lùwé ni òfin ní kó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ta ló buwọ́ lù ú?"

"Èmi ni!" ni Mo-ti-mọ̀ ké sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Èmi nìkan! Kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i!" Ó dìde nínú kóòtù funfun, Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbé àga timùtimù tẹ̀ lé e, wọ́n sì gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wọ ààfin.

Mo-ti-mọ̀ jókòó sáàárín kòtò. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ará òkè! Mo ń bá yín sọ̀rọ̀ láti inú ìjìnlẹ̀. Níbo ni omi tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ wà? Mo kọ lẹ́tà sí i, ó sì gbọ́ràn!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ìgbà náà ni àga rẹ̀ gbéra díẹ̀.

Ó wo ilẹ̀. Ìdí kòtò ń wú sókè lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e ga tó ìka mẹ́rin. Ọlọ́gbọ́n ì bá ti sá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ti ń dìde fún láti ọdún mẹ́fà, kí ló tún fẹ́ rò?

"Ẹ wò ó!" ló ké, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. "Ilẹ̀ ń dìde kí mi!"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí. "Ilẹ̀ gan-an mọ àgbà!" Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sídìí àkàbà, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dé òkè, ó sì ń pàtẹ́wọ́ láti ibẹ̀.

"Sà, ẹ jáde! Ẹ jáde níbẹ̀ kíá!" ni Ayẹlẹ̀wò pariwo.

"Jẹ́ kó kí mi tán!"

Ilẹ̀ kí i tán lóòótọ́. Ó ya lójijì, omi tú jáde, ó gbé àga, ó gbé ọ̀gá, ó sì wó àkàbà lulẹ̀. Ayẹlẹ̀wò ti ń sáré lọ bá Baba Katakata kí ilẹ̀ tó ya tán. Wọ́n na ẹnu katakata, irin ńlá tó fi ń bu iyẹ̀pẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ sí i.

"Èmi? Nínú irin iyẹ̀pẹ̀?" ni Mo-ti-mọ̀ wí. Omi wà ní orúnkún rẹ̀. "Ẹ lọ gbé ọkọ̀ mi wá!"

Omi dé ìdí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ nu irin náà. Omi dé àyà. Ó wọ inú irin.

Katakata gbé e sókè, ó gbé e kọjá lórí àwọn èèyàn ńlá, amọ̀ ń kán sí wọn ní fìlà. Bẹ́ẹ̀-ni-sà já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà. "Ẹ̀yin èèyàn, omi ló dànù, agbè ò fọ́!"

"Agbè ọ̀hún ló ń kán sí wa lórí yìí," ni Alága wí, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ rí ìwé ìyẹ̀wò ilẹ̀ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìgbìmọ̀ jókòó. Ìwé méjèèjì wà níwájú Alága, èyí tó ní òǹtẹ̀ Ìyá Fáìlì, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí ní olú-iléeṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ya, àti èyí tó ní bírò aláwọ̀ ewé. Lẹ́tà ìkìlọ̀ sí omi náà wà níbẹ̀. Alága kà á sókè, ó kà á tán, ó sì ní láti mu omi kó tó lè sọ̀rọ̀. Mo-ti-mọ̀ kọ́kọ́ na ìka sí Ayẹlẹ̀wò pé òun ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀-ni-sà dìde, ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú, ojú mi ló ṣe." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ta ko ọ̀gá, ara tù ú débi pé ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Alága kì í ṣe òṣónú. Ó rí i pé ọkùnrin náà ti súnmọ́ ìfẹ̀yìntì. "Ọ̀gá," ló wí jẹ́jẹ́, "mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ omi tó ń gòkè yìí kò yé yín ni. Bóyá ẹ ò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ la máa kọ fún yín, ká sì máa lọ."

Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ rí ilẹ̀kùn tó ṣí fún un. Mi ò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta máa ń sọ ọ́ nígbà mẹ́wàá kó tó jẹun àárọ̀. Èmi tí mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà, mo ń bá a gbàdúrà. Ó la ẹnu.

"Mi…" ló wí. Òógùn bò ó. "Mi ò…" Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ó di tábìlì mú. "Mi ò tíì rí ẹni tó máa sọ fún mi pé nǹkan kan ò yé mi! Èmi ni mo fa ìlà pa kan àbọ̀ yẹn! Mo ti mọ gbogbo rẹ̀!"

"Ẹ ti mọ̀ pé omi máa gòkè," ni Alága wí, "ẹ sì fẹ́ rán òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélógún wọ ibẹ̀? Ẹ fẹ́ kó akọ̀wé méje sí ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

"Mo ti mọ̀!"

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jókòó padà, ọlọ́pàá méjì sì sìn ín jáde lọ ṣàlàyé ohun tó mọ̀. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wà létí àtẹ̀gùn. Ó rọra ń rìn, ó ń wo ọwọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Alága yíjú sí Ayẹlẹ̀wò. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? A ṣì nílò ilé. Níbo la lè kọ́ ọ sí tí omi ò ní yọ wá lẹ́nu?"

Ìyá Fáìlì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fáìlì lórí itan, ó ń wo àbúrò rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, mà," ni Ayẹlẹ̀wò wí. "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n lọ wò ó."

Alága mú bírò. "Mẹ́rin ni mo fún ọ," ló wí.